Ẹ So Òrùlé Mọ́ Ilé Kí Òjò Àkọ́rọ̀ Tó Dé

Ní Ìlọrin, Ọ̀fà, Ọ̀mù-Àrán àti gbogbo gúúsù Kwara, oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ni ìjì máa ń ṣí òrùlé jù. Ó tún máa ń padà wá bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Ìhà ìlà-oòrùn ló sábà ń gbà wá. Bí òjò bá ṣú dùdù lọ́hùn-ún, tí gbogbo ewé dákẹ́ rọ́rọ́, tí atẹ́gùn tútù sì dédé gbé eruku dìde, àkókò àti wá àkàbà ti kọjá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣe iṣẹ́ inú ìwé yìí.

Ohun tó ń ṣí pánù

Atẹ́gùn tó ń sáré kọjá lórí òrùlé ń fa pánù sókè. Èyí tó gba ojú fèrèsé wọlé tún ń tì í láti ìsàlẹ̀. Nítorí náà, ẹ ti gbogbo fèrèsé, pàápàá ti ìlà-oòrùn. Àwọn kan ní kí a ṣí i kí atẹ́gùn lè rọ́nà jáde. Ẹ má gbọ́ tiwọn.

Ìṣó kò lágbára bí a bá fà á lọ́nà tó gbà wọlé. Ẹ fi òòlù tó ní ẹnu ìfàṣó fa ọ̀kan yọ lára pákó, ẹ ó rí i bó ṣe rọrùn tó. Bí ìjì ṣe ń fa gbogbo ìṣó orí ilé nìyẹn, lẹ́ẹ̀kan náà. Àfi kí a so òrùlé mọ́ ògiri.

Bí ẹ bá ń kọ́ ilé tuntun

Ẹ da kọnkéré yí orí ògiri po láti igun dé igun, kí ó má mọ sí orí fèrèsé àti ilẹ̀kùn. Irin mílímítà 12 mẹ́rin ni kó wà nínú rẹ̀, kí òrùka irin mílímítà 8 máa dè wọ́n ní sẹ̀ǹtímítà 20 síra. Ní igun ilé, ẹ tẹ irin yí igun, kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 60 lé ara wọn. Bí irin bá kàn fẹnu kanra lásán, ibẹ̀ ni yóò ti là. Sìmẹ́ńtì 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4 ni àpòpọ̀ rẹ̀. Àpótí tí àpò sìmẹ́ńtì kan kún ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n ṣọ́bìrì kì í dọ́gba. Ẹ fi omi rin ín fún ọjọ́ 7.

Kí ẹ tó dà á, ẹ tẹ irin mílímítà 8, ẹ gbà á sábẹ́ irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ sókè níbi tí igi òrùlé kọ̀ọ̀kan yóò bà lé, ní ẹsẹ̀ bàtà 3 síra. Bí káfíńtà bá gbé igi sí i tán, ẹ ká irin náà lé e, kí ẹ kàn án mọ́lẹ̀. Àwọn bíríkìlà kan máa ń ri wáyà mọ́ búlọ́ọ̀kù tó kẹ́yìn nìkan. Ìjì á gbé òrùlé náà lọ tòun ti búlọ́ọ̀kù.

Òrùlé tó dagẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́rin ń farada ìjì ju olójú méjì lọ. Ẹ má jẹ́ kí etí rẹ̀ yọ ju íńṣì 18. Ẹ ya òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ sọ́tọ̀, kí ó má baà fa ti ilé lọ bó bá ṣí. Ìṣó onírọ́bà ni kí ẹ fi kan pánù, ní ibi tó ga lára rẹ̀. Inú kòtò ni omi ń gbà. Ní etí òrùlé àti téńté orí rẹ̀, ẹ kan gbogbo ibi gíga, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń fà jù.

Ilé alámọ̀, ilé àtijọ́, ilé adìyẹ

Ẹ gun òkè àjà, kí ẹ fi ọ̀bẹ gún igi níbi tó ti wọ ògiri. Bí ọ̀bẹ bá rì sínú rẹ̀, ikán ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lu ògiri já ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 sísàlẹ̀ igi òrùlé, ẹ gba wáyà mílímítà 4 tí kì í dípẹtà kọjá, ẹ fi ègé irin ṣe ìdènà níta, kí ẹ wá fà á le mọ́ igi náà. Ẹ kó òkúta àti táyà kúrò lórí pánù: bí ìjì bá gbé wọn, orí ọmọ ẹni ni wọ́n lè já lé. Opó ilé adìyẹ gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2 nínú kọnkéré, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Ibi tí ẹ ó sá sí

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ààjà ńlá ti ń wó odindi ilé, ìlànà yàrá ààbò ni pé kó lè dúró de atẹ́gùn máìlì 250 ní wákàtí kan. Ìjì tiwa kì í tóyẹn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ló bá wa mu: yàrá kékeré láàárín ilé, tí kò ní fèrèsé, tó ní dẹ́kì lórí. Ilé ìwẹ̀ tàbí yàrá ìkẹ́rù tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, tó sì gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, gba ènìyàn 9. Ilẹ̀kùn ni ibi tó máa ń kùnà, nítorí náà kí pákó rẹ̀ nípọn, kí ó ní ìdè mẹ́ta àti ìdábùú mẹ́ta. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì àti omi síbẹ̀.

Ẹni tó bá wà lóko kò gbọdọ̀ sá sábẹ́ igi kajú tàbí máńgòrò. Bí ìjì bá rọlẹ̀, ẹ má fara ti ògiri tó ti là, ẹ má sì fọwọ́ kan wáyà iná tó já, bí iná ò bá tilẹ̀ sí ládùúgbò. Wọ́n lè mú iná dé nígbàkigbà.