Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń Wọn Kábọ́nì Inú Ilẹ̀ Oko ní Ẹ̀pẹ́

Ọ̀rọ̀ kábọ́nì inú ilẹ̀ ti dé etí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ báyìí. Àwọn tó ń gbin ẹ̀gẹ́ lọ́nà Pókà, àwọn tó ń gbin ìrẹsì ní irà Ìtòìkín, àti àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ra ilẹ̀ lápapọ̀ ti ń gbọ́ pé ẹni tó bá lè fi ẹ̀rí hàn pé kábọ́nì ń pọ̀ sí i nínú ilẹ̀ òun lè rí owó gbà lórí rẹ̀. Bí owó náà wá, bí kò wá, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí kábọ́nì yìí, nítorí ara ewé, gbòǹgbò, kòríko àti ìgbẹ́ ẹran tó jẹrà ni ó ti wá. Òun ló ń jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ di omi mú nígbà tí òjò bá dá lóṣù Kẹjọ, òun náà ni kì í jẹ́ kí òjò ńlá tètè wẹ ajílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìwọ̀n tí àwọn ènìyàn ń gbé kiri kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ilẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé ọ̀nà tí wọ́n gbà bu iyẹ̀pẹ̀ lọ́dún yìí yàtọ̀ sí ọ̀nà tí wọ́n gbà bù ú tẹ́lẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé ìyípadà tí à ń wá kéré púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú oko kan tí kábọ́nì jẹ́ 1.2% iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, tí iyẹ̀pẹ̀ náà sì wúwo tó gíráàmù 1.3 nínú sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì kan. Bí a bá ka ìjìnlẹ̀ rẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 30, ìṣirò rẹ̀ ni 1.2 × 1.3 × 30, èyí tó jẹ́ tọ́ọ̀nù kábọ́nì 46.8 lórí hẹ́kítà kan. Àgbẹ̀ tó bá tọ́jú ilẹ̀ rẹ̀ dáadáa lè fi nǹkan bí ìdajì tọ́ọ̀nù kún un lọ́dún kan. Ìdajì tọ́ọ̀nù yẹn yóò gbé 1.20% dé nǹkan bí 1.21%, kò sì sí yàrá àyẹ̀wò tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun rí ìyàtọ̀ yẹn láàárín ọdún kan péré. Àṣìṣe kékeré lẹ́nu ọkọ́ tàbí lórí òṣùwọ̀n lè tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Kíka ìdá nínú ọgọ́rùn-ún láìwọn bí ilẹ̀ ṣe kì tó

Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù nìyí. Yàrá àyẹ̀wò á kọ 1.2% sórí ìwé, a ó sì rò pé a ti mọ iye kábọ́nì tó wà lóko. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kò lè sọ iye fún wa àyàfi tí a bá mọ bí ilẹ̀ náà ṣe kì tó. Ẹni tó ń ra gàrí mọ̀ pé kóńgò tí wọ́n gbọ̀n, tí wọ́n sì fọwọ́ tẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú kóńgò tí wọ́n kàn rọra da gàrí sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni sẹ̀ǹtímítà 30 ilẹ̀ tí katakata ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 30 ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọkọ́ tú.

Ẹ padà sí oko tí mo mẹ́nu bà lókè. Bí katakata bá ń rìn lórí rẹ̀ fún ọdún mélòó kan, tí ìwúwo iyẹ̀pẹ̀ náà sì kúrò ní 1.3, tó di 1.5, ìṣirò 1.2 × 1.5 × 30 yóò fún wa ní tọ́ọ̀nù 54. Tọ́ọ̀nù 7.2 ti lé sí i lórí ìwé, nígbà tó jẹ́ pé kò sí ewé kan ṣoṣo tó jẹrà kún ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ tó ti ń bàjẹ́ lọ ni a ń yìn. Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀: ẹni tó fi ewé bo ilẹ̀, tí ekòló sì padà sí oko rẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ á fúyẹ́, ìṣirò sẹ̀ǹtímítà 30 á sì máa fi í hàn bí ẹni tó ń pàdánù kábọ́nì.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a fi ìwọ̀n iyẹ̀pẹ̀ kan náà wé ara wọn, dípò kí a máa fi ìjìnlẹ̀ kan náà wé ara wọn. Nígbà tí ìwúwo jẹ́ 1.3, sẹ̀ǹtímítà 30 gba tọ́ọ̀nù iyẹ̀pẹ̀ 3,900 lórí hẹ́kítà kan. Nígbà tó di 1.5, tọ́ọ̀nù 3,900 yẹn kò kọjá sẹ̀ǹtímítà 26 mọ́. Sẹ̀ǹtímítà 26 yìí ni ó yẹ kí a fi wé 30 ti àkọ́kọ́. Bí a bá sì ṣírò rẹ̀, 46.8 náà ni yóò tún jáde.

Láti mọ ìwúwo yìí, a nílò òrùka irin tí ẹnu rẹ̀ mú, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, tí gíga rẹ̀ náà sì jẹ́ 5. Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà kúbíìkì 98 ni ó ń gbà. A ó tẹ́ ojú ilẹ̀ náà dán, a ó gbé òrùka lé e, a ó sì fi pákó lé òrùka lórí kí a tó máa fi òòlù lù ú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi wọlé tán. Lẹ́yìn náà ni a ó wà á jáde láti abẹ́, tí a ó fi ọ̀bẹ gé iyẹ̀pẹ̀ tó yọ lókè àti nísàlẹ̀ dànù. Bí gbòǹgbò bá yọrí lẹ́nu òrùka, ọ̀bẹ ni kí a fi gé e, nítorí ẹni tó bá fà á yóò fa iyẹ̀pẹ̀ inú òrùka jáde pẹ̀lú rẹ̀. A ó gbé gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìmúgbẹ tó gbóná tó 105°C fún wákàtí 24. Bí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ náà bá wọn gíráàmù 132, ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 1.34. Àwọn kan máa ń gbá òrùka wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tí iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ á sì fún pọ̀. Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ wọn nǹkan kan, wọn á mú nọ́ńbà láti inú ìwé tí wọ́n kọ nípa ilẹ̀ ibòmíràn. Èmi kò lè gba ìṣirò tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ bá wà nínú rẹ̀.

Níbi tí yangí bá wà, bó ti máa ń rí ní àwọn ibì kan lórí ilẹ̀ pupa apá Ìkòròdú, ẹ fi ajọ̀ tí ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2 jọ iyẹ̀pẹ̀ náà, kí ẹ wọn òkúta tó ṣẹ́kù, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò.

Orí ebè ni, àbí inú poro?

Nígbà tí àgbẹ̀ bá ń kọ ebè ẹ̀gẹ́, ilẹ̀ òkè tó dúdú ni ó ń wọ́ jọ láti inú poro. Nítorí náà, ẹni tó bá wọn sẹ̀ǹtímítà 30 láti orí ebè, ilẹ̀ òkè nìkan ni yóò rí bù, kábọ́nì rẹ̀ á sì pọ̀. Ẹni tó bá wọ̀n ọ́n láti inú poro, kò ní pẹ́ tí irin rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀ pupa ìsàlẹ̀. Bí ẹnì kan bá bu ti orí ebè lọ́dún àkọ́kọ́, tí ẹlòmíràn wá bu ti inú poro lẹ́yìn ọdún márùn-ún, a ó ní oko ti bàjẹ́, a ó sì máa bá àgbẹ̀ tí kò ṣẹ̀ wí. Mo fara mọ́ ọn pé kí a dúró títí wọn yóò fi wa ẹ̀gẹ́ tán, tí ilẹ̀ yóò sì ti tẹ́jú. Bí kò bá ṣeé dúró, ẹ bu láti orí ebè, láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti láti inú poro, kí ẹ sì ka ìpín tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kó nínú oko.

Àwọn mìíràn kì í bù ju sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí 15 lọ, nítorí pé ó yá. Oko tí a kò tú máa ń kó kábọ́nì jọ sí òkè pátápátá, oko tí a fi katakata tú sì máa ń po tirẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, nítorí náà bíbù tí kò jìn yóò máa gbè sẹ́yìn ẹni tí kò tú ilẹ̀ láìtọ́. Sẹ̀ǹtímítà 30 ni ó kéré jù, òun náà sì ni IPCC, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́, mú gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n nínú ìlànà rẹ̀. Ẹni tó bá ní agbára láti dé 60, kó ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó sì ya ìpele kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú ọ̀rá tirẹ̀.

Lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́, ẹ má bu ìsàlẹ̀ nìkan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó gba ẹ̀bùn World Food Prize lọ́dún 2020, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, láti nǹkan bí ọdún 1970, ó sì wà lára àwọn tó fi hàn pé ilẹ̀ tí a kò fi nǹkan bò lórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́ ni òjò ń wẹ̀ lọ. Kábọ́nì tí òjò wẹ̀ kúrò lókè lè sùn sísàlẹ̀, kí ẹni tó bu ti ìsàlẹ̀ rò pé oko ń lówó sí i.

Dída gbogbo iyẹ̀pẹ̀ oko pọ̀ sínú garawa kan ṣoṣo náà kò dára. Yóò fún wa ní nọ́ńbà kan, ṣùgbọ́n kò ní sọ bí ibì kan ṣe yàtọ̀ sí ibòmíràn, àìmọ ìyẹn ni kì í sì í jẹ́ kí a lè mọ̀ bóyá ìyípadà tí a rí jẹ́ òótọ́. Ẹ pín oko sí ọ̀nà mélòó kan, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpò tirẹ̀. Ẹ sì rántí pé GPS orí fóònù lè fi mítà bíi mélòó kan ṣìnà. Ẹ wọn ibi tí ẹ ti bù láti ara òpó ààlà tàbí irin tí ẹ rì mọ́lẹ̀.

Ní yàrá àyẹ̀wò

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ yàrá àyẹ̀wò ń lò lọ́dọ̀ wa ni èyí tí àwọn onímọ̀ méjì, Walkley àti Black, gbé kalẹ̀ lọ́dún 1934. Wọ́n ń fi kẹ́míkà tó ń jẹ́ potassium dichromate àti ásíìdì tó le jó kábọ́nì inú iyẹ̀pẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jó o tán. Ní ìpíndọ́gba, nǹkan bí 77% rẹ̀ ni ó máa ń rí, ìdí sì nìyí tí wọ́n fi ń sọ èsì di ìlọ́po 1.3. Àwọn kan ń ṣe ìlọ́po yìí, àwọn mìíràn kì í ṣe é. Iyẹ̀pẹ̀ kan náà lè jẹ́ 1.2% níbì kan, kó sì jẹ́ 1.56% níbòmíràn. Lórí oko wa yìí, ìyàtọ̀ yẹn jẹ́ nǹkan bí tọ́ọ̀nù 14 lórí hẹ́kítà kan, èyí tí àgbẹ̀ tó ń fi ìdajì tọ́ọ̀nù kún ilẹ̀ lọ́dọọdún kò lè kó jọ kí ọdún 28 tó pé. Ẹ béèrè, kí wọ́n sì kọ ọ́ sórí ìwé. Ẹ tún wò ó bóyá kábọ́nì ni wọ́n kọ tàbí gbogbo ohun tó jẹrà lápapọ̀, nítorí èyí ìkejì jẹ́ kábọ́nì ní ìlọ́po 1.724 nínú ìṣirò tó wọ́pọ̀.

Irú ilẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Létí òkun ní Àgbádárìgì, iyọ̀ inú ilẹ̀ máa ń jẹ lára dichromate, èsì á sì fi kábọ́nì hàn ju bó ṣe wà lọ. Iyẹ̀pẹ̀ irà tí a kò tíì sá gbẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí irin inú rẹ̀ tí kò tíì rí afẹ́fẹ́. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fi iná jó gbogbo kábọ́nì ni wọ́n lò, èyí tó péye jù, ìkarawun ìṣáwùrú tàbí ẹfun tí a da sóko yóò wọ inú ìkà náà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe kábọ́nì tí ewé àti gbòǹgbò mú wá. Ẹ kán ásíìdì díẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ náà. Bí ó bá hó, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n yọ ọ́ kúrò kí wọ́n tó wọ̀n.

Ìkánjú, ìgbẹ́ adìyẹ àti ilẹ̀ ẹlòmíràn

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣèlérí èsì ọdún kan tàbí méjì. Ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá ni ó sábà máa ń gbà kí ìyípadà tó ṣeé dá mọ̀, oṣù kan náà ni kí a sì máa padà lọ bù. Bí ó bá jẹ́ oṣù Kọkànlá ni a fi bẹ̀rẹ̀, kí a má lọ lóṣù Kẹfà tí gbòǹgbò tútù kún ilẹ̀. Ẹ fi oko kan tí ẹ kò yí ìtọ́jú rẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ máa wọ̀n ọ́n pẹ̀lú.

Ìgbẹ́ adìyẹ tí a kó wá láti Ìkòròdú yóò mú kí kábọ́nì oko Ẹ̀pẹ́ pọ̀ sí i, ilẹ̀ á sì jàǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n kábọ́nì tí a gbé láti ibì kan sí ibòmíràn ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Kò yẹ kí a tà á fún ẹnikẹ́ni bíi pé oko ló fà á láti inú afẹ́fẹ́. Ó sì ń dùn mí pé àwọn àgbẹ̀ ń fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kábọ́nì ọlọ́dún mẹ́wàá lórí ilẹ̀ tí wọ́n yá, ní agbègbè tí katapílà àwọn tó ń kọ́ ẹ̀sìtéètì lè dé lọ́jọ́ kan. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ ẹbí tó ni ilẹ̀.

Ohun kan kù tí kò náni lówó púpọ̀, tí ọ̀pọ̀ kì í sì í ṣe. Lẹ́yìn tí yàrá àyẹ̀wò bá ti mú tirẹ̀, ẹ sá iyẹ̀pẹ̀ tó kù gbẹ lábẹ́ òjìji, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tó ní ìdérí, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́, ibi àti ìjìnlẹ̀ rẹ̀ sórí bébà tí ẹ ó fi sínú ìgò náà, nítorí báírò máa ń ṣí. Nígbà tí ẹ bá bu tuntun lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹ kó ti àtijọ́ àti tuntun lọ pọ̀, kí òṣìṣẹ́ kan náà fi ẹ̀rọ kan náà wọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.