Eegun kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgúnpá kò tíì bọ́ nínú ewu: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lẹ́yìn tí ìgúnpá bá yẹ̀

Ẹni tó ń já bọ́ lórí ọ̀kadà kì í ronú kó tó na ọwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ á balẹ̀, ìwúwo ara á lé e lórí, ìgúnpá á sì yẹ̀ sẹ́yìn. Nílé ìwòsàn, wọ́n á dá a padà sípò, wọ́n á ya X-ray, wọ́n á ní kò sí eegun tó ṣẹ́. Ẹbí á dúpẹ́, wọ́n á gba ilé lọ.

Ẹ má ṣe ka ọ̀rọ̀ yẹn sí òpin. Eegun ni X-ray ń rí. Kì í rí lígámẹ́ǹtì, àwọn okùn líle tó so eegun mọ́ eegun, ìgúnpá ò sì lè yẹ̀ kí wọ́n má fara gbá. Ẹni tó mọ X-ray wò lè fura ṣá: bí àlàfo àárín eegun òkè apá àti eegun ulna (eegun ìsàlẹ̀ apá tó wà níhà ìka ọmọńdinrín) bá tó mílímítà 4 nínú àwòrán tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti dá a padà, oríkèé yẹn kò tíì jókòó dáadáa. Ẹ má sì fojú fo èérún eegun kékeré tó bá hàn níwájú ulna, pàápàá bí orí eegun radius (èkejì ulna, tó wà níhà àtàǹpàkò) náà bá fọ́.

Àwa tí à ń ya àwòrán náà ní àṣìṣe tiwa. Ìhà inú ìgúnpá lojú wa máa ń sáré lọ, baseball ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló sì fà á, torí lígámẹ́ǹtì ìhà inú ló máa ń já lára àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù rẹ̀. Lọ́dún 1974, Dókítà Frank Jobe yọ iṣan láti apá ọ̀tún Tommy John, ọ̀kan lára àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù náà, ó fi ṣe lígámẹ́ǹtì tuntun sí ìhà inú ìgúnpá òsì rẹ̀. Ọkùnrin náà padà sórí pápá ní 1976, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe iṣẹ́ abẹ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣubú yàtọ̀ sí ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. Tiẹ̀, okùn ìhà òde náà sábà máa ń já. Okùn kan wà níbẹ̀ tó gba ẹ̀yìn orí radius kọjá lọ so mọ́ ulna. Ó tín-ín-rín, ó sì dagun, nítorí náà bí a ò bá ya MRI (àwòrán tí ẹ̀rọ ń fi agbára mágnẹ́ẹ̀tì yà, tó ń fi lígámẹ́ǹtì hàn) ní ìdagun bíi tiẹ̀, a lè má rí i rárá.

Ẹ ràn wá lọ́wọ́. Bí ẹ bá ń fi ọwọ́ ti apá àga kẹ́ ẹ lè dìde, tí ìgúnpá ń ro yín tàbí tó ń ṣe bíi pé ó fẹ́ yọ̀, ẹ sọ ọ́, kí dókítà kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ń béèrè MRI. “Ìgúnpá ń dùn ún” nìkan kò tọ́ ojú wa síbì kankan. Nígbà tí a bá ń ya MRI náà, ẹ na apá yín tó bí ẹ bá ti lè nà án tó, ẹ má sì mira.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi òrí wọ́ ọ tàbí kó fi agbára nà án. Ẹran ara tó ti fara pa lè bẹ̀rẹ̀ sí í di eegun níbi tí eegun ò yẹ kó wà. Ẹ má sì dì í pa ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ láìjẹ́ pé dókítà ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, torí ìgúnpá tètè máa ń gan. Mo ti ya àwòrán apá tí okùn rẹ̀ ti jinná pátá, àmọ́ tí ẹni tó ni ín kò lè fi ọwọ́ náà gbé òkèlè dé ẹnu mọ́.