Mo Gbá Mọ́tò Àlájì Lẹ́yìn, Ìnṣọ́ránsì Mi Sì Ti Kú

Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ní Sátidé kan ní 2024, nítòsí Gárééjì Ọ̀fà ní Ìlọrin. Camry tó wà níwájú mi tẹ bíréèkì, èmi náà tẹ̀ ẹ́, àmọ́ títì ń yọ̀. Mo lọ gbá a lẹ́yìn. Bùútù rẹ̀ ká, iná ẹ̀yìn méjèèjì fọ́.

Àlájì tó ni mọ́tò sọ̀ kalẹ̀, wọn ò pariwo. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń ṣa èérún iná pupa náà sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ìnṣọ́ránsì rẹ ńkọ́?"

Ó ti kú láti oṣù méjì. Mo sì mọ̀. Owó oṣù ni mo ń dúró dè, nítorí ₦15,000 tí third party mọ́tò àdáni, ìyẹn ìnṣọ́ránsì tó ń tún ohun ẹlòmíràn tí a bá bà jẹ́ ṣe, ń jẹ́ láti 2023. Ká ní mo ti san án ni, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni ì bá tún mọ́tò Àlájì ṣe, títí dé mílíọ̀nù mẹ́ta náírà.

Mo ya fọ́tò mọ́tò méjèèjì kí a tó wọ́ wọn kúrò lójú títì, a wá lọ sí tẹ́ṣàn. Mo kọ sítétímẹ́ǹtì, VIO yẹ àwọn mọ́tò wò, tèmi sì sun tẹ́ṣàn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ lọ́yà. Wọ́n ní òfin ìnṣọ́ránsì ti 2003, tó wà nílẹ̀ nígbà náà, sọ pé ẹni tó bá wa mọ́tò láìní ìnṣọ́ránsì lè san ₦250,000, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì. "Ti ìjọba lọ́tọ̀, ti Àlájì lọ́tọ̀ o. Tó o bá tiẹ̀ sanwó ìtanràn, gbèsè wọn ṣì wà lọ́rùn rẹ." Àyà mi já. Kò sẹ́ni tó fara pa. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan fara pa ńkọ́?

Àlájì gbà ká yanjú ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó ń tún ara mọ́tò ṣe bu ₦340,000 lé wa. Mo bẹ Àlájì ká jọ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bùútù tòkúnbọ̀ ₦130,000, iná méjèèjì ₦48,000, iṣẹ́ pẹ̀lú ọ̀dà ₦70,000: ó di ₦248,000. Ẹ má ṣe sanwó irú èyí lẹ́nu lásán. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ìwé àdéhùn: iye owó, ọjọ́ tí màá san án, àti pé tí mo bá ti san án tán, ẹnikẹ́ni ò ní pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ mọ́ lórí bíbàjẹ́ mọ́tò náà. Ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Mo san ₦120,000 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mo fi oṣù méjì san ìyókù. Rédíétọ̀ tèmi tó fọ́, àpò mi náà ló ti jáde. Third party kì í tún mọ́tò ẹni fúnra rẹ̀ ṣe.

Láàárín ìyẹn, mo ra ìnṣọ́ránsì tuntun ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ náà gan-an, nítorí ayédèrú pọ̀ nígboro. Mo fi nọ́ńbà mọ́tò mi wò ó lórí askniid.org, níbi tí wọ́n ti ń wo ìnṣọ́ránsì tó jẹ́ ojúlówó, ó jáde.

Lọ́jọ́ tí mo gbé owó ìkẹyìn lọ, mo fi fóònù han Àlájì. Wọ́n wọ awò, wọ́n ka nọ́ńbà náà títí dé òpin. Wọ́n wọlé, wọ́n mú ìwé tiwọn jáde. "Bá mi wo èyí náà." A dúró de nẹ́tíwọ̀kì títí. Tiwọn náà jáde.