Owó ìwádìí sólà àti bátìrì: ẹni tó ti gbà á rí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń wá owó ìrànwọ́ fún ìwádìí lórí sólà, bátìrì tàbí gáàsì ìgbẹ́ ẹran, ẹ má wulẹ̀ máa wá ìkéde kiri. Iṣẹ́ tí wọ́n ti fowó sí rí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ lọ sí gtr.ukri.org, níbi tí wọ́n kó àwọn ìwádìí tí owó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbọ́ bùkátà wọn jọ sí. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ "biogas Nigeria", kí ẹ ṣí iṣẹ́ kan: ẹ ó rí àjọ tó sanwó, iye tó san ní pọ́n-ùn, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tó jọ ṣe é gan-an lọrọ̀ ibẹ̀. Owó bíi Energy Catalyst ti Innovate UK (àjọ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń fowó ran àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun tuntun lọ́wọ́) ti wà fún iná tí kò ní èéfín ní Áfíríkà àti Éṣíà, nítorí náà àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbà á nílò ẹni tó wà nílẹ̀ níbi iṣẹ́. Ẹni tó ti gbà á lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀nà. Lẹ́tà ìlà márùn-ún sí i, pé ẹ fẹ́ bá a ṣiṣẹ́ pọ̀, sàn ju kí ẹ dá kọ ìwé ìbéèrè owó ogún ojú ìwé lọ. (Ẹ fọkàn sí i o: lẹ́yìn tí ẹ bá ti ná owó tiyín ni Innovate UK sábà máa ń san án padà, ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.) Ibì kan tó kù sí ni pé gtr.ukri.org kì í kéde owó tuntun. Èyí tó ṣí sílẹ̀ lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ Innovate UK wà lórí Innovation Funding Service, ìkànnì tí wọ́n ti ń béèrè owó náà.