Bá a ṣe tún ibi ìṣeré àwọn ọmọ àdúgbò wa ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bèèrè bá a ṣe tún ibi ìṣeré àwọn ọmọ wa ṣe, ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù ti fẹ́ ra síláìdì tuntun tẹ́lẹ̀ (irin táwọn ọmọ máa ń yọ̀ wálẹ̀ lórí rẹ̀), èmi ni mo ní ká kọ́kọ́ bi àwọn ọmọ fúnra wọn ìdí tí wọn ò fi ń lo èyí tó wà nílẹ̀. Ọ̀kan ní "ó ń jó wa nídìí", gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, àṣé òótọ́ ni, irin yẹn kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, tó bá ti dọ̀sán ó ti gbóná bí agbada àkàrà nìyẹn. Wẹ́dà bá wa gbé e sábẹ́ igi fúrúùtù, ó parí.

Ti jáńgílọ́fà ló le, torí orí kọnkéré ló wà. A fọ́ kọnkéré yẹn, a da yanrìn síbẹ̀ kó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, a wá ri táyà àlòkù mọ́lẹ̀ yí i ká kí òjò má bàa wọ́ ọ lọ (ẹ dá ihò sí táyà o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọn á sọ ọ́ dilé). Ìyá oníṣọ́ọ̀bù òdìkejì ló ní ká gé igbó iwájú, kóun lè máa rí àwọn ọmọ látorí ìjókòó òun. Síláìdì tuntun? A ò rà á mọ́, owó ẹ̀ ló di owó yanrìn tá a máa fi kún ti abẹ́ jáńgílọ́fà lẹ́yìn òjò.