Ṣájà ní 7.4, mítà ní 6: bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó ń parọ́

Tí ẹ bá ń ṣájì mọ́tò oníná nílé l'Ékòó, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti rí i rí: áàpù ṣájà á ní 7.4kW ló ń wọlé, mọ́tò á ní 5.4, yúníìtì tó ń lọ lórí mítà NEPA ò sì bá ìkankan nínú méjèèjì mu. Kíá làwọn èèyàn á ti ní mítà ló ń sáré. Ẹ fara balẹ̀ ná. Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣájà ló ń méfò, torí àwọn ṣájà kan wà tó jẹ́ pé ámpù nìkan ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n á kàn gbà pé 230V niná ilé yín, wọ́n á fi sọdipúpọ̀, ó parí. 32A lọ́nà 230V, 7.4kW nìyẹn. Ṣùgbọ́n iná wo ló ń jẹ́ 230V ní Sùúrùlérè laago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo àdúgbò ti tan ẹ́sì? Tó bá ti bọ́ sí 190V, 32A yẹn ò ju 6kW lọ, áàpù ṣì máa máa pariwo 7.4.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò rèé. Ẹ dúró dìgbà tí bátìrì mọ́tò bá wà láàárín 30 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, torí tó bá ti fẹ́ kún, mọ́tò fúnra rẹ̀ ló máa ń dín iná tó ń fà kù, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Kí ṣájà máa ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ wá pa gbogbo nǹkan yòókù: ẹ́sì, fíríjì, páǹpù bọ́hólù, ẹ má gbàgbé ínfátà o, òun lọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, ó máa wà ní kọ̀rọ̀ tá á máa ṣájì bátìrì tiẹ̀ látinú iná NEPA, ẹ ò ní gbọ́ ohùn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní sólà, ẹ pa tiẹ̀ náà.

Ó kan mítà. Iná pupa kékeré kan wà lójú ẹ̀ tó ń ṣẹ́jú, wọ́n sì kọ nọ́ńbà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bíi 1000 imp/kWh tàbí 1600. Ìyẹn ni iye ìgbà tó máa ṣẹ́jú kí yúníìtì kan tó lọ. Ẹ pín nọ́ńbà yẹn sí ogún: 1000 á fún yín ní 50, 1600 á fún yín ní 80. Ẹ wá wo iye sẹ́kọ́ǹdù tó máa fi ṣẹ́jú tó bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ fi sẹ́kọ́ǹdù yẹn pín 180. Tó bá jẹ́ 30 sẹ́kọ́ǹdù, 6kW nìyẹn. Ẹ má fojú lásán kà á, ó máa ń yára jù, ẹ fi fóònù ya fídíò ẹ̀ kẹ́ ẹ wá rọra kà á nínú ilé. Àwọn tí mítà wọn wà lórí òpó níta, tó jẹ́ kíípáàdì nìkan ló wà nínú ilé, ẹ súùmù fóònù yín, ẹ má gun òpó kankan o jàre.

Tí mítà bá ní 6 tí áàpù ní 7.4, ẹ pe élétíríṣíánì kó wọn fóltéèjì lẹ́nu ṣájà nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Tó bá bá 190V níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yé yín. Àmọ́ kó wọ̀n ọ́n lẹ́bàá mítà náà, torí tí mítà bá ní 210V tí ẹnu ṣájà ní 190V, wáyà ti tín-ín-rín jù tàbí kí ibi tí wọ́n ti so ó má le dáadáa, ó sì ti ń gbóná nìyẹn. Ẹ pa ṣájà yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Wáyà 2.5mm kì í ṣe wáyà tó máa gbé 32A mọ́jú, 6mm ni, tó bá jìnnà ẹ lo 10mm.

Àwọn ṣájà mìíràn ní CT, ìyẹn òrùka kékeré tó ń wọn ámpù, tí wọ́n há mọ́ wáyà nínú bọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí. Wáyà láìfù kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ gba inú ẹ̀ kọjá. Tí wọ́n bá há láìfù àti niútírà pọ̀ sínú ẹ̀, òdo ló máa kà, torí iná tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ á pa ara wọn rẹ́. Tí ẹnu òrùka yẹn ò bá pa dé dáadáa, bóyá ìdọ̀tí lásán ló há sí i lẹ́nu, ó máa kà á kéré. Kó pa á títí á fi dún "kà". Èyí tó wá jẹ́ ti Èkó gan-an ni ti féèsì: réèdì lọ sílẹ̀, ẹ yí sẹlẹ́tọ̀ sí yẹ́lò, mọ́tò ń ṣájì lọ, àmọ́ CT ṣì wà lórí réèdì níbi tí wọ́n há a sí látijọ́, áàpù wá ń ka iná tí fíríjì ń jẹ. Ẹ ní kí élétíríṣíánì gbé e sẹ́yìn sẹlẹ́tọ̀, lórí wáyà tó lọ tààrà sí ṣájà.

Ti 5.4 tí mọ́tò ń pè ńkọ́? Kò sóhun tó ṣe é. Mọ́tò ń ka èyí tó wọ bátìrì, díẹ̀ sì máa ń sọnù bó ṣe ń yí iná ilé (AC) sí iná bátìrì (DC), bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tó bá fi púpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí.

Tó bá jẹ́ pé ṣájà ló ń méfò, ẹ wo sẹ́tín-ìn-nì áàpù bóyá àyè wà láti tún fóltéèjì tẹ̀, àwọn kan ní in. Tí kò bá sí, èmi ò ní bá áàpù jà, màá kàn ní kí wọ́n fi mítà kékeré olójú tiẹ̀, èyí tó ń wọn fóltéèjì àti ámpù pọ̀, síwájú ṣájà nínú bọ́ọ̀dù. Tí mítà kékeré yẹn bá wá ní 6, tí ti NEPA ní 7.5 nígbà tí gbogbo ilé wà ní pípa, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ iná àdúgbò yín pé kí wọ́n wá tẹ́ẹ̀sì mítà wọn, kẹ́ ẹ fi fídíò iná pupa yẹn mọ́ ọn.