Bí a ṣe ń fi bakitéríà inú ilẹ̀ tọ́ igi dakwara fún ilẹ̀ gbígbẹ

Ní Yobe, Jigawa àti Borno, dakwara (orúkọ tí àwọn Hausa ń pe igi Acacia senegal) wà lára igi tí wọ́n ń gbìn sí ilẹ̀ tí ọ̀dá ti sọ di aṣálẹ̀. Oje rẹ̀ ni wọ́n ń lò nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìdílé ẹ̀wà ló ti wá: bakitéríà ń gbé inú kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò rẹ̀, ó ń fa náítírójìn inú afẹ́fẹ́ fún un. Lórí ilẹ̀ tó ti ṣá, bakitéríà yìí lè ṣọ̀wọ́n, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí igi bá a pàdé kó tó kúrò nínú ọ̀rá tí a fi ń tọ́ ọ kó tó lọ sóko.

Ìgbà òjò ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sábẹ́ dakwara àgbà tára rẹ̀ dá ṣáṣá, ẹ fi ọkọ́ rọra wú àwọn ọmọ rẹ̀ tó hù síbẹ̀. Ẹ má fà wọ́n tu, kókó á kù sínú iyanrìn. Ibí gan-an lojú ti ń tan èèyàn, torí aràn ilẹ̀ náà máa ń mú gbòǹgbò wú. Ẹ fi èékánná tì í: kókó gidi á bọ́, ṣùgbọ́n wíwú ti aràn kò ní bọ́, gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú. Ẹ la kókó náà. Bí inú rẹ̀ bá pupa rúsúrúsú, ó ń ṣiṣẹ́. Bó bá rí bí eérú, kò wúlò mọ́. Ẹ sàmì sí igi tí kókó rẹ̀ dára. Èyí tó ní aràn, ẹ yà á sọ́tọ̀, kẹ́ ẹ má baà kó àrùn wálé.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wa ilẹ̀ ìdí igi tẹ́ ẹ sàmì sí, níbi tí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ wà. Ẹ má sá a sóòrùn o! Ẹ po garawa kan nínú ilẹ̀ náà mọ́ iyanrìn garawa mẹ́sàn-án pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù díẹ̀ tó ti jẹrà, ẹ rọ ọ́ sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ gbin irúgbìn tó ti sùn nínú omi mọ́jú. Ẹ má fi yúríà, ajílẹ̀ oní-náítírójìn, sí i rárá. Igi tó bá ti rí náítírójìn jẹ ní ìrọ̀rùn kì í fi bẹ́ẹ̀ so kókó.

Ẹ fi ọ̀rá mélòó kan sílẹ̀ láìfi ilẹ̀ yẹn sí i, kẹ́ ẹ lè fi wéra. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kẹ́ ẹ kó wọn lọ sóko, ẹ ya ọ̀rá kan tàbí méjì, kẹ́ ẹ wo gbòǹgbò.

Nígbà tí òjò bá ti wọlẹ̀ dáadáa, ẹ gbìn wọ́n ní mítà mẹ́rin síra, sínú kòtò tó rí bí ààbọ̀ òṣùpá, kó lè gba omi dúró. Ẹ sọgbà yí i ká, torí ewúrẹ́.